Ọ̀nà mẹ́rin tí tẹ́rápísìtì ń gbà kọ́ òbí ní ìbáwí ọmọ: èwo ló bá ilé yín mu?

Ọ̀pọ̀ òbí tó ń mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìwà ọmọdé n'Íbàdàn ló rò pé bí ìgbà téèyàn gbé rédíò lọ fún oníṣẹ́ ni: wọ́n á gbà á, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lojú máa ń là. Tẹ́rápísìtì, ìyẹn onímọ̀ náà, á bá ọmọ ṣeré díẹ̀, á wá kọjú sí ìyá tàbí bàbá: "Kí lẹ sọ nígbà tó ṣe báyìí? Kí lòun ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ sọ ọ́? Ẹ̀yin náà wá ńkọ́?" Òbí ni wọ́n fẹ́ kọ́ níṣẹ́. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni tẹ́rápísìtì ní pẹ̀lú ọmọ. Ẹ̀yin lẹ ni ìyókù.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yan ọ̀nà kan nínú èyí tí a fẹ́ fi wéra níbí, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kẹ́ ẹ dánra wò. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí l'Amẹ́ríkà kó ìwádìí 77 jọ lórí ẹ̀kọ́ òbí, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Lára ohun tó ya àwọn ètò tó ṣiṣẹ́ jù sọ́tọ̀ ni pé òbí ń fi ọmọ tirẹ̀ dánra wò níbi ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe pé ó kàn jókòó gbọ́ àlàyé. Ẹ gbà wá gbọ́, ìmọ̀ràn téèyàn kàn gbọ́ lásán kì í dúró lọ́pọlọ nígbà tí ọmọ bá ń yí ilẹ̀ láàárín ọjà Aléṣinlọ́yẹ.

Ibi tí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jọ ṣẹ̀ wá

Gerald Patterson, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ ní Oregon l'Amẹ́ríkà, ló ṣàlàyé pańpẹ́ tí òbí àti ọmọ jọ ń kó sí. Ọmọ ní kí ìyá gbé fóònù fún òun. Ìyá ní rárá. Ọmọ figbe ta. Ìyá tó ti dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, tí orí ń fọ́, gbé e fún un, ariwo sì dákẹ́. Ọmọ ti kọ́ pé igbe ń ṣiṣẹ́. Ìyá náà ti kọ́ pé téèyàn bá gbà fún un, ara á tuni. Lọ́la igbe á ga ju báyìí lọ. Lọ́jọ́ míì, ìyá á gbá a létí, ọmọ á dákẹ́, ìyá á tún kọ́ pé ìgbájú ń ṣiṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ á fi di dandan. Kò sí èèyàn burúkú nínú àwọn méjèèjì. Ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́ láìmọ̀.

Constance Hanf, Oregon kan náà, ló pín ẹ̀kọ́ òbí sí ìpele méjì ní ìparí àwọn ọdún 1960: kí òbí kọ́kọ́ tún àjọṣe òun àti ọmọ ṣe nípasẹ̀ eré àti ìyìn, kó tó wá kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ àti bí a ṣe ń báni wí. Àwa náà máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Tòsì ni Hanf ní kó ṣáájú, ìdí rẹ̀ á sì hàn nígbà tí a bá dé orí àga ìdákẹ́, ìyẹn àga tí ọmọ ń jókòó sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá kọ àṣẹ.

Ọ̀nà kìíní: kí wọ́n máa sọ fún yín létí bí ẹ ṣe ń ṣe é

PCIT (Parent-Child Interaction Therapy) lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú àjọṣe òbí àti ọmọ. Sheila Eyberg ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, fún ọmọ ọdún 2 sí 7. Òbí àti ọmọ wà nínú yàrá pẹ̀lú ohun ìṣeré; tẹ́rápísìtì wà lẹ́yìn dígí tó jẹ́ pé ẹni ìta ló ń rí inú, òbí sì ki ẹ̀rọ kékeré bọ etí tó fi ń gbọ́ ọ. Níbi tí kò bá sí dígí, tẹ́rápísìtì á jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní ìpele kìíní, ọmọ ló ń darí eré. Òbí á máa yìn ín, á tún ọ̀rọ̀ tó sọ sọ, á ṣe bó ṣe ń ṣe, á ròyìn ohun tó ń ṣe, á sì jẹ́ kó hàn pé òun ń gbádùn rẹ̀. Ìbéèrè, àṣẹ àti ìbáwí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ní, "Ọkọ̀ mi ń lọ Ọ̀yọ́." Ẹ̀yin ní, "Ọkọ̀ rẹ ń lọ Ọ̀yọ́, o rọra ń wà á." Òbí kì í kúrò ní ìpele yìí àfi tó bá lè sọ ìyìn 10 tó dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe, kó tún ọ̀rọ̀ ọmọ sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, tí ìbéèrè, àṣẹ àti ìbáwí kò sì ní ju 3 lọ lápapọ̀. Wọ́n ń kà á ni. Nílé, ìṣẹ́jú 5 lóòjọ́ ni iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìdérí ìgò, kọ́ọ̀pù, búlọ́ọ̀kù tàbí amọ̀ ti tó. Eré tó ní òfin àti olùborí kò dáa fún un, torí iyàn ló máa ń dá sílẹ̀.

Ibi tó ti máa ń nira fún àwa Yorùbá ni ìbéèrè. Ìbéèrè la fi ń ṣìkẹ́ ọmọ: "Ṣé o ti jẹun? Kí lẹ ṣe nílé ìwé? Ta ló fún ẹ?" Òbí tó rò pé òun ò bi ọmọ ní nǹkan kan lè ti bi í ní ogún nínú ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ohùn tó ń sọ̀rọ̀ létí fi wúlò. Ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣàtúnṣe.

Ní ìpele kejì, òbí á kọ́ àṣẹ. Ẹ sún mọ́ ọmọ, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe, ẹ dákẹ́, ẹ ka ení dé àrún nínú. "Àyọ̀, kó bàtà rẹ sẹ́yìn ilẹ̀kùn." Kì í ṣe "Ṣé o ò ní kó bàtà yìí kúrò ńlẹ̀ ni?" torí ìbéèrè nìyẹn, ọmọ sì lè dáhùn pé rárá. Kì í sì í ṣe "Ṣe bí ọmọlúàbí," torí ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe nínú ìyẹn. Tó bá ṣe é, ẹ yìn ín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ìkìlọ̀ kan péré: "Bí o ò bá kó bàtà, wàá lọ jókòó lórí àga." Ẹ tún ka ení dé àrún. Lẹ́yìn èyí, àga: ìṣẹ́jú 3, pẹ̀lú ìdákẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 ní ìparí. Kó tó dìde lọ ṣeré, á kọ́kọ́ padà wá kó bàtà náà. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, àga ti di ọ̀nà láti sá fún iṣẹ́.

Ìjókòó bíi 12 sí 20, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ló sábà máa ń gbà. Òun ló lágbára jù fún ọmọ kékeré tí ìbínú rẹ̀ ti kọjá agbára ilé. Òun náà ló ń gba owó àti àkókò jù, torí ẹnì kan ló ń kọ́ ilé kan.

Ọ̀nà kejì: ẹ̀yin àti tẹ́rápísìtì nínú ọ́fíìsì, iṣẹ́ nílé

Ọ̀dọ̀ Patterson ni èyí ti ṣẹ̀ wá. Alan Kazdin ní Yunifásítì Yale náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó dáa fún ọmọ tó ti dàgbà ju eré búlọ́ọ̀kù lọ, títí dé bí ọdún 12 tàbí 13. Tẹ́rápísìtì á ní kẹ́ ẹ mú ìwà kan, kẹ́ ẹ wá sọ òdìkejì rẹ̀ tó dáa. Kì í ṣe "kó má jà mọ́" bí kò ṣe "kó fẹnu sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun fẹ́ nǹkan náà padà." Òdìkejì yìí lẹ ó máa ṣọ́, ẹ ó máa yìn, ẹ ó sì máa fún ní máàkì lórí páálí lára ògiri.

Páálí yìí lọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣubú. Òbí á ní, "Tó o bá gba máàkì 200, màá ra kẹ̀kẹ́ fún ẹ ní Kérésì." Ọmọ ọdún 7 ò rí Kérésì láti oṣù Karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí èrè wà tó lè gbà lónìí tàbí lọ́la: kó yan fíìmù alẹ́ Sátidé, kó jókòó níwájú ọkọ̀, kó bá bàbá lọ ra bọ̀ọ̀lì, kó fi ìṣẹ́jú 15 pẹ́ lẹ́yìn àsìkò oorun. Ẹ má ṣe gba máàkì tó ti rí padà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ míì. Owó oṣù téèyàn ti ṣiṣẹ́ fún, wọn kì í gbà á padà. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí máàkì kankan, iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún un ló tóbi jù, ẹ dín in kù.

Nínú ọ́fíìsì, tẹ́rápísìtì á ṣe bí ọmọ, ẹ̀yin á ṣe bí ara yín. Ó máa ń ti àgbàlagbà lójú, pàápàá àwọn bàbá. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Tẹ́rápísìtì tí kò bá ní kẹ́ ẹ ṣe é, àlàyé lẹ ń sanwó fún.

Ọ̀nà kẹta: ẹgbẹ́ òbí

Incredible Years, tí Carolyn Webster-Stratton dá sílẹ̀ ní Seattle, máa ń kó òbí bíi mẹ́wàá jọ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Wọ́n á jọ wo fídíò kéékèèké, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n á fi ṣe eré ìdánrawò. Èyí tó sún mọ́ irú ìlú wa jù ni Parenting for Lifelong Health, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti àwọn yunifásítì kan jọ ṣe fún orílẹ̀-èdè tówó ò pọ̀. Ìwé ètò náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ti ọmọ ọdún 2 sí 9 jẹ́ ìjókòó 12. Ti ọ̀dọ́ ọdún 10 sí 17 jẹ́ 14, ọ̀dọ́ náà sì máa ń wà níbẹ̀. Àwòrán ìtàn ni wọ́n ń lò dípò fídíò, torí náà àìsí iná ò dá a dúró. Kò pọn dandan kí olùdarí rẹ̀ jẹ́ dókítà, ó kàn gbọ́dọ̀ ti gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ilé ìwé gbà á.

Agbára ẹgbẹ́ ni pé ìyá kan láti Bẹẹrẹ á gbọ́ lẹ́nu ìyá kan láti Àpáta pé ọmọ tiẹ̀ náà ń jáni jẹ. Ìtìjú á dín kù lójú ẹsẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ yìí, ọmọ kékeré kì í sí níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì dán ẹ̀kọ́ wò nílé láìsí ẹni tó ń wo yín. Bí olùdarí kò bá pè yín lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ ní kó máa pè. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn aládùúgbò yín ló kún ẹgbẹ́ náà, tí ọ̀rọ̀ ilé yín sì nípọn, ẹ wá ti àdúgbò míì.

Ọ̀nà kẹrin: ìrànlọ́wọ́ ráńpẹ́

Triple P, tí Matt Sanders bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Queensland l'Ọsirélíà, ní ìpele márùn-ún, láti orí ìkéde fún gbogbo ìlú títí dé ìtọ́jú tó jinlẹ̀ fún ilé kan. Àwọn ìpele àárín ni a ń sọ níbí: ìjókòó kúkúrú díẹ̀ lórí ìṣòro kan ṣoṣo, bí àìtètè sùn, ìjà lórí oúnjẹ, tàbí igbe nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ọmọ yín bá dáa ní gbogbo ibòmíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Bí ìṣòro bá ti wà nílé, nílé ìwé àti nílé kéú pa pọ̀, èyí ò tó.

| Ọ̀nà | Ọjọ́ orí | Ìgbà tó ń gbà | Ta ló bá mu | Ibi tó ti ń yẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ohùn létí (PCIT) | 2–7 | ìjókòó 12–20 | ọmọ kékeré tó le gan-an | òbí tí kò ráyè ṣe ìṣẹ́jú 5 lóòjọ́ |
| Ọ́fíìsì àti páálí máàkì | bíi 3–13 | oṣù díẹ̀ | ilé tí ìwà kan tàbí méjì ń yọ lẹ́nu | èrè tó jìnnà jù |
| Ẹgbẹ́ òbí | 2–17, ó wà lọ́wọ́ ètò | ìjókòó 12 sókè | òbí tó dá nìkan wà, tówó ò pọ̀ | ẹni tó ń pa ìjókòó jẹ |
| Ìrànlọ́wọ́ ráńpẹ́ | láti ìkókó dé ọ̀dọ́ | ìjókòó díẹ̀ | ìṣòro kan péré | ìṣòro tó ti gbilẹ̀ |

Àga ìdákẹ́, ìkúnlẹ̀ àti pàṣán

Ohun tí àwọn òbí máa ń bi wá jù nìyí, ó sì yẹ ká dúró lé e lórí. Ohun tó ń mú kí àga ṣiṣẹ́ ni pé ó yọ ọmọ kúrò níbi adùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá sí adùn nínú ilé, bó bá jẹ́ pé ariwo àti èébú ló ti ń gbọ́ láti àárọ̀, kí la yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀? Ìdí nìyí tí tòsì fi ní láti ṣáájú, tí tẹ́rápísìtì tó mọṣẹ́ kì í fi í kọ́ yín ní àga lọ́jọ́ kìíní.

Ìkúnlẹ̀ gbọwọ́ sókè yàtọ̀. Ìrora ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkàn ọmọ á wà lórí orúnkún àti lórí ẹni tó ní kó kúnlẹ̀; bàtà tí kò kó ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Àga kì í dunni. Nínú ilé oníyàrá kan, ẹ kọ àga sí ògiri, níbi tẹ́ ẹ ti ń rí i. Kì í ṣe ilé ìwẹ̀ tó ṣókùnkùn, kì í ṣe ìta gbangba lójú àwọn ọmọ kọ́ńpáùndì. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ títí àsìkò á fi pé. Ìwàásù láàárín àga ti di eré. Ìṣẹ́jú 20 kò sàn ju 3 lọ fún ọmọ kékeré, ó ti gbàgbé ohun tó gbé e débẹ̀. Láti bí ọdún 8 tàbí 9, ẹ fi àga sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba fóònù tàbí eré kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé nǹkan máa ń burú sí i kó tó dáa. Ọmọ tí igbe rẹ̀ ti ń gba nǹkan tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ fi kún igbe náà fún ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sọ pé "kò ṣiṣẹ́ fún ọmọ tèmi," tí wọ́n á padà sórí ti àtijọ́, tí ọmọ á wá kọ́ pé igbe gíga ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ti pàṣán, ní 2016, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor kó ìwádìí tó kan ọmọ tó lé ní 160,000 jọ lórí nínà lásán, ìyẹn kí a fi ọwọ́ gbá ọmọ, kì í ṣe lílù bí ẹni lu bàrà. Ibi tí nínà ti bá àbájáde kan tan, ọ̀nà ibi ni ó fì sí: ìwà ipá, àjọṣe tó bàjẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Tẹ́rápísìtì kò ní fi èyí dẹ́rù bà yín. Á kàn bi yín pé, "Ìgbà mélòó lẹ ti nà án lórí ọ̀rọ̀ kan náà?" Bí ìdáhùn bá lé ní mẹ́ta, ẹ ti rí i fúnra yín pé kò kọ́ ọ.

A mọ ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù. Àbíìkọ́ là ń bú, a kì í bú àkọ́ìgbà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ òun bú òun. Àmọ́ kò sí èyí tó ní kẹ́ ẹ fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ tó padà wá kó bàtà lẹ́yìn àga ti gba ẹ̀kọ́ ju ẹni tí wọ́n nà tí ìyá wá fìbínú kó bàtà náà fúnra rẹ̀.

Ilé tó kún ńkọ́?

Ètò tí wọ́n bá fi ìyá nìkan ṣe kì í pẹ́ forí ṣánpọ́n nínú ilé tí ìyá àgbà, àbúrò bàbá àti ọmọ ọ̀dọ̀ jọ ń gbé. Ẹ̀yin ní kí gbogbo ilé má dá sí igbe. Ní ìṣẹ́jú kẹrin, ìyá àgbà á ti fi ẹran pè é. Bí igbe kan nínú mẹ́wàá bá ń mú ẹran wá, ọmọ á máa ké mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ má bá màmá jiyàn níwájú ọmọ. Ẹ bi tẹ́rápísìtì bóyá wọ́n lè wá sí ìjókòó kan, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin lẹ ó máa kì í tó bá ti ṣe ohun tí a ní kó ṣe." Kò sẹ́ni tó mọ ìyìn bí ẹni tó mọ oríkì ọmọ. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi ohun tó ṣe kún un: "Àkànní, o káre, o dá ṣéńjì padà láìjẹ́ pé mo béèrè." Kí ó má ní ìrù o. "O káre, ṣebí o mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀" ti sọ ìyìn di ìbáwí.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yẹ ọmọ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń dùn, tí kì í gbọ́ dáadáa, tí kì í sùn tó, tàbí tó ń ní gìrì máa dà bí alágídí. Bí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ bá pẹ́, tí kì í wojú èèyàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ètò míì fún àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 9: ìjókòó ẹgbẹ́ 9 àti ìbẹ̀wò sílé 3. Bí ìwà ọmọ bá yí padà lójijì, ẹ wádìí bóyá ẹnì kan ń ṣe é ní nǹkan kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ìbáwí. Ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ibùdó tó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlera ọpọlọ ọmọdé.

Níbikíbi tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ bi wọ́n: Ṣé ọmọ á wà níbẹ̀? Ṣé ẹ ó wò mí bí mo ṣe ń ṣe é? Kí ni máa ṣe nílé lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú mélòó? Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń dáa? Ẹni tó bá dáhùn pé "ẹ mú un wá, màá bá a sọ̀rọ̀" kò tíì dáhùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ mú ìwé ẹ̀sáìsì kan dání tẹ́ ẹ ti fi ọjọ́ méje kọ nǹkan sí: àsìkò tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣáájú rẹ̀, ohun tí ọmọ ṣe, ohun tẹ́ ẹ ṣe, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni tẹ́rápísìtì á ti rí i nínú ojú ìwé méjì pé agogo márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo wàhálà wà, nígbà tí ọmọ bá ti lẹ́sìnnì dé tí kò sì tíì jẹun. Nígbà náà, ẹ̀wà tí a tètè gbé kaná ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ dán wò.